Kettering, ẹni tó gba awakọ̀ lọ́wọ́ irin iwájú ọkọ̀

Kò sí awakọ̀ tó ń ronú lẹ́ẹ̀mejì lóde òní kó tó ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀. Yóò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, yóò yí i, tàbí kó kàn fi ìka tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ́ńjìnnì yóò sì dáhùn. Ṣùgbọ́n ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Agbára apá ni wọ́n fi ń ṣáná sí ọkọ̀ nígbà náà, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé ibi tó ti ń gbìyànjú ẹ̀ láàárọ̀ ni apá ẹ̀ ti dá.

Irin gígùn kan tó tẹ̀ ni wọ́n máa ń kì bọ iwájú ọkọ̀. Awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di irin náà mú gírígírí, á sì máa fi tipátipá yí i títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí. Bí iná inú ẹ́ńjìnnì bá wá sọ ṣáájú àsìkò ẹ̀, ńṣe ni irin náà máa ta èèyàn nípàá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọrùn ọwọ́ ń kán, apá ń dá, àgbọ̀n ń yẹ̀. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa tó bá ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà láyé mọ irin yìí dáadáa, wọn ò sì ní gbàgbé bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe máa ń làágùn nídìí ẹ̀ ní kùtùkùtù kí èrò tó wọlé.

Ọkùnrin tó fòpin sí wàhálà náà ni Charles Franklin Kettering, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú oko ni wọ́n bí i sí, nítòsí ìlú Loudonville ní ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1876. Òun ni ìkẹrin nínú ọmọ márùn-ún tí àwọn òbí rẹ̀ bí.

Ojú ló kọ́kọ́ bá a fínra. Kò ríran dáadáa láti kékeré, bó bá sì kàwé pẹ́ díẹ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Síbẹ̀, ó parí ẹ̀kọ́ girama, ó ṣe tíṣà láwọn ilé ẹ̀kọ́ abúlé, kó tó wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio láti kọ́ nípa iṣẹ́ iná mànàmáná. Kò tíì lọ jìnnà níbẹ̀ tí ojú tún fi dá a dúró. Ló bá padà sílé, ó sì gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan.

Iṣẹ́ alágbára ni iṣẹ́ náà. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń ri òpó, wọ́n ń gun òkè lọ so wáyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá ka èyí sí ìjákulẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n àǹfààní ló já sí fún Kettering. Atẹ́gùn ìta jẹ́ kí ojú rẹ̀ sinmi, ọwọ́ rẹ̀ mọ iná mànàmáná ju bí ìwé ṣe lè kọ́ ọ lọ, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń so wáyà. Ìlú Ashland tí iṣẹ́ yìí gbé e dé ló sì ti pàdé Olive Williams, ọmọbìnrin tó padà fẹ́ sílé lọ́dún 1905. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sí yunifásítì, ó sì gboyè jáde lọ́dún 1904 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 27. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ jáde tipẹ́tipẹ́.

Ilé iṣẹ́ National Cash Register nílùú Dayton ló gbà á síṣẹ́. Àwọn ló ń ṣe ẹ̀rọ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń gbowó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ yìí kí àpótí owó tó ṣí, ilé iṣẹ́ náà sì fẹ́ kí Kettering fi iná mànàmáná sí i. Ìdí iṣẹ́ yìí ni òye tó padà sọ ọ́ di olókìkí ti wá, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Láti fi iná ṣí àpótí náà, ó nílò ẹ̀rọ iná tó ń yí, irú èyí tó wà nínú fáànù. Ìṣirò àwọn onímọ̀ sì fi hàn pé ẹ̀rọ iná tó máa lágbára tó bẹ́ẹ̀ yóò tóbi ju àyè tó wà lọ. Kettering wò ó, ó ní ìṣirò náà ò lábùkù bí ẹ̀rọ iná náà bá fẹ́ máa yí láti àárọ̀ di alẹ́. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni àpótí owó fi ń ṣí, lẹ́yìn náà kò níṣẹ́ kankan mọ́ títí oníbàárà mìíràn á fi dé. Ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì láti ilẹ̀ lé orí tábìlì ò nílò irú agbára tí ẹni tó fẹ́ rù ú láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ nílò. Ó mú ẹ̀rọ iná kékeré kan, ó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ kà á lórí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì jẹ́ kó sinmi kó tó tún gbé òmíràn. Ó ṣiṣẹ́. Ọdún 1906 ni ẹ̀rọ ìgbowó oníná náà jáde.

Ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ náà, Edward Deeds, ló fa Kettering wọ iṣẹ́ ọkọ̀. Deeds ní abà kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Dayton. Láti bí ọdún 1908, ibẹ̀ ni Kettering àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan máa ń forí lé bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ oṣù wọn, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ dòru. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni ètò tuntun tí yóò máa sọ iná sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Henry Leland, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Cadillac ní Detroit, rí i, ó sì ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lọ́dún 1909. Lọ́dún yẹn kan náà ni Kettering fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tí òun àti Deeds sì dá ilé iṣẹ́ tiwọn tí wọ́n pè ní Delco sílẹ̀. Orúkọ náà ò tíì pa rẹ́. Nínú èdè Faransé, delco ni wọ́n ń pe dísítíríbútọ̀ ẹ́ńjìnnì, yálà Delco ló ṣe é tàbí òun kọ́.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa bí ọ̀rọ̀ irin iwájú ọkọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ Kettering. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ Leland kan tó ń jẹ́ Byron Carter, tóun náà ń ṣe ọkọ̀, dúró lórí afárá kan ní Detroit láti ran obìnrin kan lọ́wọ́ tí ọkọ̀ Cadillac rẹ̀ kú. Irin náà ta padà, ó fọ́ ọ lágbọ̀n, ọgbẹ́ náà ló sì padà yọrí sí ikú rẹ̀. Wọ́n ní látọjọ́ náà ni Leland ti búra pé ọkọ̀ òun ò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ìtàn tó dùn létí ni, ṣùgbọ́n ẹnu ti fi iyọ̀ sí i. Àsìkò òtútù ọdún 1910 ni ọ̀pọ̀ ìwé fi sọ pé ó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 1908 ni Carter kú. Ohun tó dájú ni pé Leland ò fẹ́ rí irin yẹn mọ́, Kettering ló sì ké sí.

Kì í ṣe Kettering ló kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀. Àwọn kan ti lo atẹ́gùn tí wọ́n fún mọ́ inú àgbá, àwọn kan ti lo irin sípíríǹgì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ lójú. Ní ti iná mànàmáná, ìṣirò àtijọ́ náà ni àwọn onímọ̀ tún gbé kalẹ̀, pé ẹ̀rọ iná tó máa yí ẹ́ńjìnnì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, àti pé bátìrì tó máa gbé e ò ní ṣeé fi sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé rí nídìí àpótí owó. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ́ńjìnnì nílò ìrànlọ́wọ́, bó bá ti jí, ó tó ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Kettering ṣe tó ń ṣiṣẹ́ méjì. Bí awakọ̀ bá fẹ́ ṣáná, ẹ̀rọ náà á fa iná nínú bátìrì, á sì yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ẹ̀rọ kan náà á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná tó fà padà sínú bátìrì. Volt 24 ni bátìrì náà ń gbé jáde lásìkò tí wọ́n bá ń ṣáná, wọ́n á wá tún un so lọ́nà mìíràn kó lè máa gba iná sára pẹ̀lú volt 6. Iná iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ń jẹ nínú rẹ̀. Nínú oṣù kejì ọdún 1911, wọ́n fi han Leland lára ọkọ̀ Cadillac kan. Leland ò jáfara rárá, 12,000 ló ní kí wọ́n ṣe fún òun, gbogbo ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ló sì gbé e jáde. Delco tó jẹ́ pé orí ló ń tà tẹ́lẹ̀ wá di dandan kó kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá.

Oṣù kẹfà ọdún 1911 ni Kettering béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní nọ́ńbà 1,150,523 lọ́dún 1915. Nígbà tí yóò fi di ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ti tẹ̀ lé e. Ford tó máa ń ṣọ́wó ná ló pẹ́ jù, ọdún 1919 ló tó gbé e sára Model T. Ṣáájú sítátà, ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá fẹ́ wakọ̀ ló ń ra ọkọ̀ oníbátìrì, torí kò sírin tí wọ́n máa yí níbẹ̀. Bí sítátà ṣe dé, ọkọ̀ oníbátìrì pàdánù ọjà rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kó tó gbérí padà.

Ṣùgbọ́n ẹrù tí Kettering gbé kúrò léjìká awakọ̀, orí bátìrì ló gbé e kà.

Bátìrì olójé àti ásíìdì tí Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe lọ́dún 1859 ni ọkọ̀ ń lò. Ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú iná pamọ́, àmọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n já a gbà lójijì. Sítátà ọkọ̀ kékeré sì lè fa ju amp 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí rédíò ọkọ̀ ò fà ju amp díẹ̀ lọ. Bí òtútù bá mú, bí wọ́n ṣe ń rí i nílùú òyìnbó, oje inú bátìrì á lọ́ra, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà á sì ki. Nílẹ̀ wa, ooru ni ọ̀tá. Ooru ń jẹ irin òjé inú bátìrì, ó ń gbẹ omi ẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó dàgbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bátìrì tó ti gbó lè máa tan iná, kó máa kọ rédíò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ ni wọn á máa gbọ́. Ìgbà yẹn ni ariwo ẹ bá wa tì í máa ń sọ láàárín ọ̀nà. Ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ ò sì tún ṣeé tì jí.

Kettering ò dúró wo èyí. Wọ́n ta Delco lọ́dún 1916 ní 9 mílíọ̀nù dọ́là, òun náà sì bá a wọ inú General Motors. Òun ni olórí ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ ńlá yìí láti ọdún 1920 títí di 1947. Lákòókò Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ti ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí kò ní awakọ̀, tó jẹ́ bọ́ǹbù ló gbé, àmọ́ ogun parí lọ́dún 1918 kí wọ́n tó lò ó. Lọ́dún 1923, ẹ́ńjìnnì Chevrolet kan tó fẹ́ fi bàbà àti atẹ́gùn tù dípò omi kùnà pátápátá, wọ́n sì kó gbogbo ọkọ̀ náà padà. Ó fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, Alfred Sloan tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní kó jókòó. Ìjókòó náà so èso, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì dísù tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú irin ti gbòòrò. Lọ́dún 1934, ọkọ̀ ojú irin Zephyr fi ẹ́ńjìnnì náà sáré láti Denver dé Chicago, ohun tó lé ní kìlómítà 1,600, láàárín nǹkan bíi wákàtí 13. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Eugene, wà nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin náà.

Ibi tí orúkọ Kettering ti ní àbàwọ́n ni ọ̀rọ̀ epo olójé. Nínú oṣù kejìlá ọdún 1921, Thomas Midgley tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí i pé bí wọ́n bá po oògùn kan tí wọ́n fi òjé ṣe mọ́ epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ò ní máa kan kó-kó-kó mọ́. Ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, Dayton gan-an ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tà á. Nígbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ Ethyl sílẹ̀ lọ́dún 1924 láti máa ta epo náà, Kettering ni wọ́n fi ṣe ààrẹ rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé májèlé ni òjé. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti mọ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà ní Bayway, ìpínlẹ̀ New Jersey. Orí wọn dàrú kí wọ́n tó kú. Àwọn mìíràn ti kú ní Dayton àti Deepwater. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀ lọ́dún 1925, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó tún dunni jù ni pé yàrá ìwádìí Kettering fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ọtí líle tí wọ́n pọ̀ mọ́ epo lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ owó ò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni lè pọn nílé ara rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ayé fi ń fa èéfín òjé símú, àwọn ọmọdé tí ọpọlọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ló sì jìyà ẹ̀ jù. Amẹ́ríkà fòfin de epo náà pátápátá fún ọkọ̀ ojú títì lọ́dún 1996. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà yọ ọwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀. Algeria ló ṣe ìkẹyìn lọ́dún 2021. Òjé ló wà nínú bátìrì tí Kettering fi gba apá àwọn èèyàn là, òjé kan náà ló sì bá wọn wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ó gbé ọ̀pọ̀ ohun rere náà kalẹ̀. Nǹkan bí ìwé ẹ̀tọ́ 186 ló gbà lórúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1945, òun àti Sloan dá ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní New York. Sloan ló fi 4 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀, Kettering sì mú ọgbọ́n ìwádìí tó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ wá. Jẹjẹrẹ yìí kan náà ló pa Olive ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì wà lára èyí tó lókìkí jù lágbàáyé lónìí.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1958, Kettering jáde láyé ní Dayton lẹ́ni ọdún 82. Itòsí ìlú tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ní ọdún kan péré ṣáájú ikú rẹ̀ ni Howard Becker, òṣìṣẹ́ General Electric, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí nǹkan kan tó máa padà wá bá bátìrì gbé lára ẹrù yẹn. Supercapacitor ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìpínlẹ̀ Ohio, ilẹ̀ baba Kettering, ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ epo Standard Oil ti tún un ṣe tó fi dà bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tiwọn lọ́dún 1966. Àwọn ará Japan, ilé iṣẹ́ NEC, ló wá gbé e dé ọjà lọ́dún 1978.

Èédú ló wà nínú ẹ̀, èédú tí wọ́n ti ṣe tó fi jẹ́ ihò wíwẹ́wẹ́ látòkè délẹ̀. Gíráàmù kan èédú yìí, bí wọ́n bá lè tẹ́ ojú gbogbo ihò inú ẹ̀ sílẹ̀, yóò ju pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ dáadáa. Ara ojú ihò wọ̀nyí ni iná máa ń lẹ̀ mọ́. Kò sí ásíìdì tó ń jẹ òjé, kò sí ohun tó ń yí padà sí ohun mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi lè gba iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kó sì tú u jáde lọ́gán, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ìgbà. Òtútù tó ń sọ bátìrì di arọ ò fi bẹ́ẹ̀ mú un.

Àléébù rẹ̀ ni pé kì í gba iná púpọ̀. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, iná inú rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti bátìrì, bó bá sì pẹ́ nílẹ̀, iná náà á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì dà bí àmù ńlá tí ẹnu rẹ̀ kéré, supercapacitor dà bíi garawa. Omi inú garawa ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn lè dà á. Nítorí náà, wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀. Bátìrì, kódà èyí tó ti rẹ̀, á máa bu iná sínú supercapacitor jẹ́jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí, supercapacitor á da gbogbo ẹ̀ lé sítátà lórí lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ò sì ní mọ ìnira kankan. Mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ fún ọkọ̀ tó ń lo volt 12, torí pé ẹyọ kan ò gbà ju bíi volt 2.7 lọ.

Ilé iṣẹ́ Peugeot àti Citroën ló gbé e sínú ọkọ̀ kékeré lọ́dún 2010. Wọ́n ṣe ọkọ̀ dísù kan tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì máa ń jí i padà bí awakọ̀ bá fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣáná lọ́pọ̀ ìgbà ju bí ọkọ̀ Cadillac ọdún 1912 ṣe ń ṣe lọ́sẹ̀ kan, bátìrì nìkan ò sì lè fara dà á. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní Amẹ́ríkà náà ti ń lò ó láti lè ṣáná lẹ́yìn òru òtútù, nígbà tí awakọ̀ bá ti fi iná bátìrì sùn mọ́jú.